Màmá Lanu àti Alábàárù Tó Tètè Jẹ́rìí

Bí ẹ bá dé ẹnubodè wa láàárọ̀, kí ẹ tó rí aṣọ́bodè kan ṣoṣo, ohùn Màmá Lanu lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. "Lanu! Gbé ahọ́n sókè! Ahọ́n ni mo wí, kì í ṣe ètè!" Ẹni tó ń bá wí lè jẹ́ bàbá arúgbó tó ti ní ọmọ-ọmọ, ó sì lè jẹ́ awakọ̀ lọ́rì tí apá rẹ̀ tó itan mi. Kò kan Màmá. Bí o bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, tí o gbé oògùn ikọ́ ife mì, wàá la ẹnu, Màmá á sì bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ìjọ wa ló ni ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà níbẹ̀. Nínú yàrá iwájú la ti ń wọn àwọn ọmọ ọwọ́. Èmi ni mo ń wọ̀n wọ́n, èmi náà sì ni wọ́n ń tọ̀ sí lára. Yàrá tó tẹ̀ lé e ni ti oògùn. Àwọn yàrá ẹ̀yìn, àwọn ìdílé tí nǹkan ò rọrùn fún la fi wọ̀ síbẹ̀: ìyá tí ọkọ rẹ̀ wà lódìkejì, ọmọ tí àìsàn bàbá rẹ̀ ò jẹ́ kó lè gbélé. Ará ìhín ń wá, ará ọ̀hún ń wá, a kì í bi ẹnikẹ́ni pé níbo ló ti wá kó tó kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ikọ́ ife yìí, kó má baà rú yín lójú. Kì í ṣe àìsàn tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kan lé lọ. Oṣù mẹ́fà gbáko lèèyàn fi ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́, ara á sì ti yá kó tó dé ìdajì. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tó bá dá a dúró torí pé ara rẹ̀ yá, ikọ́ á padà wá bá a, á wá lágídí ju ti àkọ́kọ́ lọ, oògùn ọjọ́sí lè má ràn án mọ́, àwọn tó bá sì ń bá a sùn nínú yàrá kan náà á bá a pín nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹnì kan máa ṣọ́ olúkúlùkù bó ṣe ń gbé e mì. Ẹni náà ni Màmá.

Tísà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ tó kéré jù lọ nílé ẹ̀kọ́, àwọn tó ń ki ṣọ́ọ̀kì bọ imú, àwọn ló fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ kọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti tú ká, oníkálukú sílé tirẹ̀, ó ní òun ò ní jókòó sílé máa ka aláǹgbá ara ògiri. Ó lọ bá Pásítọ̀ pé kí wọ́n fún òun níṣẹ́, wọ́n ní kó wá máa bá mi wọn ọmọ. Kò tíì pẹ́ rárá lọ́dọ̀ mi tí awakọ̀ kan fi ń bá nọ́ọ̀sì jà níta pé oògùn ti korò jù, òun ò gbé e mì. Màmá gbé ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù sí mi, ó lọ dúró síwájú ọkùnrin náà, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Ta ló ń sunkún ní kíláàsì mi?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ọkùnrin náà gbé e mì wọ́ọ́rọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, Màmá ò padà sídìí òṣùwọ̀n mọ́, èmi nìkan ni mò ń gba ìtọ̀ sára.

N ò ní purọ́ fún yín, obìnrin yẹn lè súni. Á ní mo we gèlè mi wọ́. Á ní Pásítọ̀ ṣi nọ́ńbà orin pè. Bí o bá ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ní kí o di ẹnu. Kí ẹni tó ń sọ pé "lanu" láti àárọ̀ tún wá máa ní kí n di ẹnu! Ṣùgbọ́n tó bá di pé kéèyàn dúró ti nǹkan kó má yẹsẹ̀, ẹ bá mi wá ẹnìkejì rẹ̀.

Ẹni tó wá dán an wò dáadáa ni Kòsíwàhálà. Alábàárù ni. Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní sí gbogbo ọ̀rọ̀ ayé. Lọ́rì kì í kọjá irin ìdábùú wa, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù kọjá, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Òdìkejì ló ń gbé, nínú yàrá kan lẹ́yìn gáréèjì tí kò ní fèrèsé rárá. Nígbà tí ikọ́ ife mú un, tó rù kan eegun, nọ́ọ̀sì ní kí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ wọn má ṣe bá a sùn nínú yàrá yẹn mọ́, àfi tí oògùn bá parí, tí wọ́n sì yẹ itọ́ rẹ̀ wò. Aránṣọ ni ìyàwó. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí ọ̀kan nínú àwọn yàrá ẹ̀yìn wa. Láràárọ̀, Kòsíwàhálà á kọjá wá, á gbé oògùn mì, á la ẹnu, á gbé ọmọ rẹ̀ jó díẹ̀ níta gbangba níbi tí atẹ́gùn wà, á sì gba ẹnu iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ẹran ti padà sára rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ. Sunday ìdúpẹ́ wá dé.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ìdúpẹ́ ṣe máa ń rí. Àwọn yòókù mú orin wá, Kòsíwàhálà gbé àpò sìmẹ́ǹtì wọ ṣọ́ọ̀ṣì! Ó gbé e lé orí, ó gbé e yí ká iwájú pẹpẹ, kò mí hẹlẹ. Ariwo sọ! Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún ayọ̀, Màmá fúnra rẹ̀ ń jó, eruku sìmẹ́ǹtì ń dà sórí kápẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó kà á sí. Pásítọ̀ wá gbọ́wọ́ sókè. Èèyàn dáadáa ni Pásítọ̀ wa, ẹnu ló máa ń yá a jù. Ó ní, "Ó ti parí! Ikọ́ yìí ti parí pátápátá! Arákùnrin yìí ò tún ní fẹnu kan oògùn mọ́!" Gbogbo wa ní "Àmín!" Èmi náà ṣe é, tèmi tún pariwo ju ti ẹlòmíì lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí ìpàtẹ́wọ́ ti ń ró báyẹn, ta ló máa gbọ́ pé ẹyin fọ́?

Lọ́jọ́ kejì, Màmá jókòó ti ife omi àti oògùn, kò rí Kòsíwàhálà. Ó dúró, dúró, oòrùn ti ń ta. Ó bá wọ bàtà. Ó ní, "Dìde, jẹ́ ká lọ."

Mo ní, "Èmi kẹ̀? Àwọn ọmọ tí mo fẹ́ wọ̀n ńkọ́?"

Ó ní, "Wọn ò ní fò lọ."

A kọjá sí gáréèjì. Kòsíwàhálà ń ti ẹ̀yìn lọ́rì bọ̀, ó rí wa, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Kò sí wàhálà mọ́. Mo ti gba ìwòsàn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gba omi, gbé ti òní mì."

"Màmá, ẹ ò gbọ́ ohun tí Pásítọ̀ sọ ni? Mo ti jẹ́rìí níwájú Ọlọ́run àti èèyàn. Tí mo bá tún gbé oògùn mì, mo ti pe Ọlọ́run ní òpùrọ́ nìyẹn."

"Ọlọ́run náà ló fi oògùn gbé ẹ dé ibi tí o dé yìí. Kò tíì ní kí o sọ̀ kalẹ̀. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná."

"Iná ti tán láṣọ tèmi, Màmá." Ó yíjú sí ẹrù rẹ̀, ó kọ etí ikún sí wa.

Inú bí mi bí nǹkan míì. Màmá ò bínú. Ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ ló gbà lọ tààrà, ó rò fún un. Pásítọ̀ fọwọ́ ra orí, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi àdúrà tì í."

"A máa gbàdúrà. Tí a bá ṣe àmín tán ńkọ́?"

"Ẹ wò ó, bí mo bá dìde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rí bí mo ṣe sọ ọ́, kí ni ìjọ á wí? Àwọn tó ń fi wá ṣẹ̀sín tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n á wí?"

"Pásítọ̀ mi, ẹnu yín lẹ fi ti ilẹ̀kùn yìí. Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi." Ó kí i, ó jáde. Èmi ni mo sọ fún un lọ́nà pé bó bá jẹ́ tèmi ni, ǹ bá ti sọ̀rọ̀ tí etí Pásítọ̀ á fi hó. Ó ní kí n tún gèlè mi we.

Nígbà tí a padà dé àwọn yàrá ẹ̀yìn wa, aránṣọ ti ń di ẹrù. Ṣé ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń bí òmíràn? Ó ní ọjọ́ Sátidé lòun ń kó padà sọ́dọ̀ ọkọ òun.

"Màmá, ẹ ti ṣe fún mi, n kì í ṣe abaramóorejẹ," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí ọkọ mi níta bí àlejò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń sọ kiri pé ìgbà tí àìsàn dé ni mo sá fi àbúrò òun sílẹ̀. Ara rẹ̀ ti yá. Pásítọ̀ sọ ọ́, gbogbo ìjọ gbọ́. Kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ tú ilé mi ká ni?"

Mo ti la ẹnu láti bá Màmá dá a lóhùn. Mo ti ní èsì lóríṣiríṣi. Màmá fọwọ́ tọ́ mi pé kí n dákẹ́. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ọmọ tó ń sùn, ó wá béèrè pẹ̀lẹ́ pé, "Ibo ni ọmọ máa sùn níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà. Àárín wa ni."

Màmá ní, "Mo gbọ́." Ó dìde, a jáde, a sì fi aránṣọ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ kan tó ń ká, tó ń tú, tó tún ń ká.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni Màmá ń lọ sí gáréèjì. Ó gbé àpótí ìjókòó lọ. Á jókòó sójú ọ̀nà tí àwọn alábàárù ń gbà kọjá, ife omi lọ́wọ́ ọ̀tún, oògùn lọ́wọ́ òsì. Àwọn ọmọ gáréèjì sọ ọ́ di eré. Wọ́n á pariwo pé, "Kòsíwàhálà o! Ìyálé ẹ ti dé!" Màmá á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni ìyálé. Ẹ sọ fún ọkọ mi kó wá gba omi mu." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Kòsíwàhálà á gba ẹ̀yìn lọ́rì lọ, á ru ẹrù rẹ̀ gba ibi tó jìnnà ká. Àwọn ará ìjọ kan náà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pé kò nígbàgbọ́. Ó gbọ́ ọ. Ó ní ẹni tó bá rò pé òun nígbàgbọ́ kó wá bá òun gbé àpótí, ó wúwo.

Ọjọ́ Fúráìdé ni agídí rẹ̀ yọ tán. Bí a ṣe dé gáréèjì, ó lọ tààrà síbi tí wọ́n to sìmẹ́ǹtì sí, ó sì jókòó lé àpò tó kan Kòsíwàhálà láti gbé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Gbé mi mọ́ ọn. Ṣebí o lágbára."

Awakọ̀ ń kígbe pé ọjọ́ ń lọ. Àwọn alábàárù ti ń dì mọ́ ikùn, ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n lè dúró. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, n ò sì mọ ibi tí n máa fojú sí. Kòsíwàhálà bínú, ó fa àpò mìíràn yọ lẹ́yìn, ó sọ ọ́ sórí, ó ń lọ kánkán. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà sí irin tó fi dúró. Ó sọ àpò kalẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún òṣùká rẹ̀ ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi apá bo ẹnu, ó sì kọ́. Kò pariwo. Ó tún kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, èyí pẹ́ díẹ̀.

Ẹ̀rín dá ní gáréèjì. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló mọ irú ikọ́ yẹn. Ó gbójú sókè, ó rí i pé à ń wo òun.

Mo rò pé Màmá máa sọ ọ́ báyìí: ṣé o ti rí i? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní kíláàsì mọ̀ pé ó lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó dìde lórí àpò, ó gbọn ìró rẹ̀, ó ní ká máa lọ. Mo bi í lọ́nà pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ." Ojú rẹ̀ pọ́n. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ti ń bà á láti ọjọ́ tó ti ń jókòó ní gáréèjì, eré kọ́ ló ń bá wọn ṣe. A yà lọ́dọ̀ Pásítọ̀, ó ń jẹun lọ́wọ́. Gbólóhùn kan ni Màmá sọ lẹ́nu ọ̀nà: "Ó ti tún ń kọ́." Pásítọ̀ fọwọ́ ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn, kò sì jẹ ẹ́ mọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́. Aránṣọ ti kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sórí ọmọlanke: ẹ̀rọ ìránṣọ, ìkòkò, báàgì aṣọ. Ó pọn ọmọ. Kòsíwàhálà ń dúró lódìkejì irin nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ gbọnrangandan. Màmá àti èmi wà níhìn-ín, ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti gbogbo ọjọ́. Ẹ tún wo ẹni tó ń ti ojú ọ̀nà bọ̀: Pásítọ̀, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, òógùn bò ó.

Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, kò kí ẹnikẹ́ni. "Arákùnrin, mo sọ ohun tí Ọlọ́run ò rán mi. Ọpẹ́ tí o mú wá dúró, ó sì tọ́. Èyí tí mo fẹnu ara mi kún un ni kò dúró. Jọ̀ọ́, máa gbé oògùn rẹ mì."

Gbogbo èrò tó ń kọjá ti yà dúró. Kòsíwàhálà wò ó títí. "Pásítọ̀, ibo lẹ ti sọ ti àkọ́kọ́? Ṣebí nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni, níwájú gbogbo ayé. Etí irin lẹ wá ti ń sọ èyí."

"Màá sọ ọ́ lórí pẹpẹ lọ́la." Ó sì sọ ọ́ lóòótọ́, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kò fepo boyọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan dìde jáde.

"Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ lọ́la, màá rò ó wò. Ìyàwó mi ni mo wá mú lónìí." Ó nawọ́. "Ìyá ọmọ mi, máa bọ̀."

Aránṣọ ti ọmọlanke dé etí irin. Ó dúró. Ó tú ọ̀já, ó sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn, ó yí padà, ó sì gbé e lé Màmá lọ́wọ́. Ìkánjú ni Màmá fi gbé ife àti oògùn fún mi kó lè gba ọmọ.

"Bàbá ọmọ mi," aránṣọ wí, "èmi ń bọ̀ o. Ibi tẹ́ ẹ bá wà ni mo máa wà. Ṣùgbọ́n ọmọ ò ní ẹnu tó lè fi sọ pé òun ò lọ. Tó bá dá yín lójú pé ikọ́ yìí ti parí, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu Pásítọ̀. Ẹ ní kí n gbé ọmọ wá sùn sáàárín wa. Màá gbé e wá, n ò sì ní bi yín ní nǹkan kan mọ́ títí ayé."

"Ṣé o rò pé mo lè pa ọmọ mi ni?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sáà sọ ọ́."

Ó la ẹnu. Ó wo Pásítọ̀, Pásítọ̀ ń wo ilẹ̀. Ó wo Màmá. Ọmọ ti di gèlè Màmá mú, ó ń fà á, Màmá ò tún un ṣe. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí i kó wo ẹnu tó là sílẹ̀ kó má sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ò jáde lẹ́nu Kòsíwàhálà.

Ó wá na ọwọ́ kọjá irin sí mi. "Ẹ fún mi lómi."

Mo fún un. Ó da oògùn sẹ́nu, ó mu omi, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè, ó bọ̀ wá sílẹ̀. Aránṣọ súnmọ́ ọn, ó gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó sì yẹ inú ẹnu ọkọ rẹ̀ wò fúnra rẹ̀, lábẹ́ ahọ́n, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Omi ń dà lójú òun àti ẹni tó ń wò. Lẹ́yìn náà ló di ọmọlanke mú, ó yí orí rẹ̀ sọ́nà ilé wa.

Kòsíwàhálà ní, "Ṣé ẹ ò wá mọ́ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ máa wá bá wa, tí oògùn bá tán," ó dáhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ.